Kásẹ́ẹ̀tì Tí Omi Kò Gbé Lọ

Bàbá mi,

Omi kò ba kásẹ́ẹ̀tì yẹn jẹ́. Èmi ni mo parọ́ mọ́ omi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ibi tí mo lè gbà bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, mi ò rí ibi tó dára, ni mo ṣe ní kí n kúkú gbé e ṣáájú ìkíni. Mi ò tilẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ti lọ. Ẹ kú àtijọ́, Bàbá. Ṣé ara le níbẹ̀? Àbí ẹ ò ní ara mọ́?

Ẹ óò rántí ọjọ́ tí mo yá kámẹ́rà níbi iṣẹ́, tí mo gbé e wá bá yín nílé yín ní Ajégúnlẹ̀, lẹ́yìn Òwòdé Onírin. Ẹ ti dàgbà nígbà náà, ẹ̀rù sì ń bà mí pé ẹ lè gbé ìtàn ìdílé wa lọ sínú ilẹ̀. Ẹ jókòó sábẹ́ igi fúrúùtù ní ẹ̀yìnkùlé, ẹ tẹ fìlà yín sí etí òsì, ẹ ń sọ bí bàbá bàbá yín ṣe kúrò nílẹ̀ Ìjẹ̀bú wá dé etí odò. Èmi ni mo di kámẹ́rà mú. Bí ẹ bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tó wúwo, ẹ máa ń kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán. Ẹ nu ẹnu báyìí, mo rò pé ọ̀rọ̀ bàbá bàbá yín ló kàn. Àfi bí Yétúndé, ọmọ kan ṣoṣo tí Ìyá Kékeré bí fún yín, ṣe gbé korobá kọjá. Ẹ pa ìtàn tì. Ẹ ní kí ó wá jókòó tì yín.

Èmi rò pé ẹ ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn yín: pé Ìyá Kékeré ti wà nílé ọkùnrin míì kí wọ́n tó wọlé yín, pé oṣù oyún Yétúndé kò pé, pé kì í ṣe ọmọ yín. Ẹ ti gbọ́, ẹ kàn ń wò wá ni. Ọjọ́ náà lẹ fèsì, kámẹ́rà sì gbà á sílẹ̀. Ẹ ní ìyá yín kú, kò pẹ́ ni a bí ọmọ yìí, ìyá yín ló padà wá. Ẹ ní tí kò bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ yín, ọ̀nà wo ni ìyá yín gbà wọlé?

Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó dùn mí lọ́jọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ń tì mí láti kọ ọ́ ní ọjọ́ ogbó. Láti kékeré Yétúndé lẹ ti ń pè é ní “ẹ”. Ẹ máa ń ní, “Ìyá mi, ṣé ẹ ti jẹun?” Ọmọ tí kò tíì mọ̀ ọ́n rìn. Èmi tí mo jẹ́ Dáwódù, tí mo gba ìwé ẹ̀rí, tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní sáyẹ́ǹsì, “ìwọ” lẹ ń pè mí títí ẹ fi kú. Mo mọ̀ pé bàbá kì í pe ọmọ ọkùnrin rẹ̀ ní “ẹ”. Mo mọ̀ pé ìyá yín lẹ ń kí. Mo mọ̀ ọ́n, kò ní kó má dùn mí. Ṣé ẹ̀yin mọ̀ pé ó ń dùn mí?

Nígbà tí a sin yín tán, tí ẹbí jókòó láti pín ohun tí ẹ fi sílẹ̀, wọ́n ní ìdí igi la ó fi pín in: ìyá mi ní ìdí kan, Ìyá Kékeré ní ìdí kan. Àbúrò yín tó ń gbé Ìkòsì ló gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu àwọn àgbà. Ó ní, “Igi kan ṣoṣo ni mo mọ̀ nílé yìí. Igi kejì, ẹ bá mi béèrè ẹni tó gbìn ín.” Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

Yétúndé ò sunkún. Ó kọjú sí mi tààrà.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ gbé fídíò yẹn jáde. Bàbá ti fẹnu ara wọn sọ ọ́. Ẹ̀yin lẹ gbà á sílẹ̀.”

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Lọ́dún náà omi ti wọlé wa, bó ṣe máa ń ṣe ní Ajégúnlẹ̀ tí odò bá kún. Ó gbé fọ́tò lọ, ó gbé àpótí ìwé lọ, ó gbé bàtà tí ẹ fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Irọ́ náà ti wà nílẹ̀ dè mí, mi ò tiẹ̀ ní láti wá a. Mo ní, “Omi ti bà á jẹ́.” Inú agolo bisikíìtì ló wà, lórí kọ́bọ́ọ̀dù mi, gbẹrẹfu báyìí.

Yétúndé wò mí títí. Ó mọ̀. Ó dìde, ó di ẹrù ìyá rẹ̀, wọ́n sì lọ.

Ohun tó ń pa mí lójoojúmọ́ ni pé Ìyá Kékeré wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo sọ ọ́. Wọ́n gbọ́. Lórí wọn ni ẹ̀sùn náà wà, Bàbá, kì í ṣe lórí Yétúndé. Ọdún tí ìyá mi dùbúlẹ̀ nílé ìwòsàn, ta ló ń fọ aṣọ ilé-ìwé mi? Ta ló ń fi ìṣáná dán ẹ̀yìn irin ìlọṣọ eléèédú wò kó má baà jó kọ́là mi? Àwọn náà ni. Èmi ni mo sì fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ wọ́n di oníṣekúṣe lójú gbogbo ẹbí. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, wọ́n ní, “Ó dàárọ̀ o, Bàbá Dúpẹ́,” bí ẹni pé wọ́n máa padà wá lọ́la. Ìṣẹrí Olówóòrà ni wọ́n kú sí, lọ́dọ̀ Yétúndé. Ibẹ̀ náà ni wọ́n sin wọ́n sí, láàárín àwọn tí kò mọ̀ wọ́n. Mi ò lọ. Mo ránṣẹ́ pé ara mi ò yá. Ara mi yá.

Ṣé ẹ ti rí wọn níbẹ̀? Ṣé wọ́n ti fẹjọ́ mi sùn yín? Mo mọ̀ pé wọn ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, ìyẹn gan-an ló burú jù.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, lẹ́yìn tí dókítà sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ mi ń ru sókè ju bó ṣe yẹ lọ, mo gbé agolo náà sọ̀ kalẹ̀. Mo ṣí i, funfun kan ti bo ara téèpù bí ara búrẹ́dì tó bu. Irọ́ tí mo pa ti fẹ́ di òótọ́. Kásẹ́ẹ̀tì tí omi kò fọwọ́ kàn ti ń bà jẹ́ fúnra rẹ̀ nínú ilé gbígbẹ. Fídíò tí mo ní sì ti kú tipẹ́, kò sí ohun tó lè gbé e jáde nínú ilé mi.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan ní Ọjọ́ta tó máa ń da kásẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó kọ sórí kọ̀ǹpútà. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó mi orí.

“Daddy, ọpẹ́ ló yẹ yín o. Ẹ bá tún fi sílẹ̀ díẹ̀ sí i, ẹfun lẹ máa máa wò.”

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó pa ohùn rẹ̀ nígbà tó bá ń dà á kọ, pé ọ̀rọ̀ ilé ni. Ó bú sẹ́rìn-ín. “Èmi tí n kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyàwó mi, kásẹ́ẹ̀tì yín ni mo máa wá jókòó gbọ́?” Nígbà tí mo padà lọ, ó fi fláàṣì kékeré kan lé mi lọ́wọ́, kò tó ìka mi. Ó ní òun ti fún un pọ̀ kó má baà gba àyè. Gbogbo ọjọ́ yẹn, igi yẹn, ẹ̀yin fúnra yín, wà nínú ohun tó lè jábọ́ nínú àpò kí n má mọ̀.

Nílé, ẹ̀rọ DVD wa kò ní ojú ibi tí wọ́n ń ki fláàṣì bọ̀. Mo yí i síwájú, mo yí i sẹ́yìn. Ìyá Dúpẹ́ ń wò mí láti orí àga. “Bàbá Dúpẹ́, ṣé ihò imú rẹ̀ lẹ ń wá ni?” Kò mọ ohun tó wà lórí fláàṣì. Mo rẹ́rìn-ín tipátipá.

Ni mo bá lọ sí Kétu láti ra ẹ̀rọ tuntun. Ṣọ́ọ̀bù náà wà lójú títì, wọ́n kọ ẹnu sípíkà ńlá síta kí àwọn tó ń kọjá lè máa gbọ́. Ọlọ́jà náà gbé oríṣi méjì wá. Ọ̀kan jẹ́ DVD tó ní ojú fláàṣì níwájú. Èkejì jẹ́ àpótí kékeré kan tí kì í gba dísìkì rárá, fláàṣì àti ohun tó jọ ọ́ nìkan ló ń jẹ, wáyà kan ni wọ́n fi ń so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ó wù mí. Mo béèrè bóyá ó mọ irú fáìlì tí tèmi jẹ́, mo sọ lẹ́tà mẹ́ta tó wà nídìí orúkọ rẹ̀ fún un.

“Ìyẹn? Ó ń gbé e mì bí ẹ̀bà, Daddy. Kò sóhun tí kì í jẹ. Ẹ mú fláàṣì yín wá ká tọ́ ọ wò.”

Fláàṣì wà nínú àpò agbádá mi, ọwọ́ mi wà lórí rẹ̀. Mo wo sípíkà tó kọjú síta yẹn. Mo rò ó pé ohùn yín máa bú jáde lójú títì Kétu, pé gbogbo ayé máa gbọ́ ohun tí mo fi agolo bò mọ́lẹ̀. Mo ní, “Mi ò mú un dání.”

Ẹni tó ń ra iṣu máa ń fi èékánná họ ọ́ wò. Ẹni tó ń ra ata máa ń fi lé ahọ́n. Èmi nìkan ló ra ohun tí mi ò tọ́ wò, nítorí pé ẹ̀rù ohùn bàbá mi ń bà mí.

Mo so àpótí kékeré náà mọ́ tẹlifíṣọ̀n nílé. Àwòrán jáde. Bàbá, ẹ jáde. Igi fúrúùtù náà nìyẹn, fìlà náà nìyẹn, iṣan ọrùn yín nìyẹn. Mi ò mọ̀ pé ojú mi ti gbàgbé yín tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, mi ò sì gbọ́ nǹkan kan. Ẹnu yín ń ṣí, ó ń pa dé. Mo gbé ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè títí, kò sí. Mo yí i sí ìròyìn, oníròyìn fẹ́rẹ̀ẹ́ ya orùlé. Mo yí i padà sọ́dọ̀ yín, ilé dákẹ́.

Ìyá Dúpẹ́ ti sún mọ́ tòsí. Ó wo tẹlifíṣọ̀n, ó wo ojú mi.

“Ṣé kì í ṣe kásẹ́ẹ̀tì tí ẹ ní omi gbé lọ nìyẹn?”

Mo tún gbé ohùn sókè.

“Kí ni Bàbá ń sọ? Ẹ̀yin kọ́ lẹ wà níbẹ̀ ni?”

Mo ní mi ò rántí. Ó dìde, ó lọ pa sítóòfù, kò sì padà wá jókòó. Láti ọjọ́ náà, tó bá gbé oúnjẹ fún mi, á gbé e sílẹ̀, á lọ. Ìyàwó tó ti ń fi mí ṣe ẹlẹ́yà láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra ni mo ń wí o. Kò fi mí ṣe ẹlẹ́yà mọ́.

Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀rọ náà. Mo ka ìwé tó bá a wá, ó yé mi. Fáìlì fídíò kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo, àpò ni. Wọ́n di àwòrán lọ́tọ̀, wọ́n di ohùn lọ́tọ̀, wọ́n kó méjèèjì sínú rẹ̀. Lẹ́tà mẹ́ta ìdí orúkọ yẹn, irú àpò tó jẹ́ ló ń sọ, kò sọ bí wọ́n ṣe di ohun inú rẹ̀. Ẹ̀rọ mi mọ bí wọ́n ṣe ń tú àwòrán, kò mọ bí wọ́n ṣe ń tú irú ohùn yẹn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo lè fi kọ́ ọmọ ilé-ìwé. Síbẹ̀ mo jókòó síwájú yín, mo ń bi yín pé: ṣé ẹ ò fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ ni? Ṣé bí mo ṣe gba ohùn lẹ́nu yín lọ́jọ́ ìpàdé yẹn lẹ ṣe gbà á lọ́wọ́ èmi náà?

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ èyí tó kẹ́yìn. Ìrònú kan wá sí mi lọ́kàn, mo sì gbà á láàyè fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Mo ní mo lè gbé e fún Yétúndé bó ṣe wà yẹn. Mo lè ní, “Àbúrò mi, wò ó, mo rí i, omi ti gba ohùn rẹ̀ lọ ni.” Á rí ojú yín. Á rí ara rẹ̀ ní ọmọge. Á dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Kò sì ní gbọ́ nǹkan kan láéláé. Ogbó kò sọ èèyàn di ènìyàn rere, Bàbá. Ó kàn ń dín agbára tí èèyàn fi ń sá kù ni.

Kì í ṣe ìwà rere ló gbé mi padà sí Kétu. Mo fẹ́ gbọ́ yín ni. Ó wù mí kí ẹ pè mí ní “ìwọ”.

Lọ́tẹ̀ yìí mo yọ fláàṣì jáde kí ọlọ́jà tó kí mi tán. Ó ki í bọ DVD tó ní ojú fláàṣì, ó so ó mọ́ sípíkà ńlá. Bí mo ṣe ń na ọwọ́ pé kó rọra, ohùn yín ti dé títì.

“Ìyá mi, ẹ wá jókòó tì mí. Wọ́n ní ẹ kì í ṣe tèmi. Tí kì í bá ṣe ẹ̀jẹ̀ mi, ọ̀nà wo ni ìyá mi gbà wọlé?”

Àwọn tó ń kọjá dúró. Obìnrin kan tó wá ra bátìrì gbé ọwọ́ lé ìbàdí. “Hẹ̀ẹ́! Bàbá yìí mà lẹ́nu o.”

Lẹ́yìn náà ni ohùn kan jáde tí mi ò retí, tó sún mọ́ ẹnu kámẹ́rà ju tiyín lọ, tó le, tó ń kánjú: “Bàbá, ẹ jẹ́ ká padà sórí ìtàn wa.”

Ọlọ́jà náà pòṣé. “Ta lẹni tó ń já lu ọ̀rọ̀ Bàbá yẹn? Ọlọ́gbọ́n orí òfo.”

Mo ní, “Èmi ni.”

Ó wojú mi, ó rò pé àwàdà ni, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Nínú sípíkà, ẹ ti ń dá mi lóhùn. Mo ti gbàgbé pé ẹ dá mi lóhùn. Ẹ ní, “Ìwọ, di nǹkan ọwọ́ rẹ mú dáadáa. Òun ni ìtàn náà.”

Obìnrin oníbátìrì yẹn ò tíì lọ. Ó bi mí, bí ẹni ń béèrè ọ̀nà: “Ọmọ náà ńkọ́? Níbo ló wà báyìí, Daddy?”

Ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí wa kò bi mí rí nìyẹn, Bàbá. Àjèjì ló bi mí.

Mo ra ẹ̀rọ náà, mo yà gbé agolo nílé, mo wọkọ̀ lọ sí Ìṣẹrí Olówóòrà. Yétúndé fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Irun rẹ̀ ti funfun níwájú, ó sì ń wọ awò. Kò ní kí n wọlé, kò ní kí n máa lọ. Kò síná ládùúgbò wọn, n ò lè so nǹkan kan fún un. Lórí ìdúró lẹ́nu ọ̀nà ni mo ti sọ gbogbo rẹ̀: omi, agolo, ìpàdé, ẹnu mi. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, kò ju ọ̀rọ̀ díẹ̀ lọ. Ó yà mí lẹ́nu bó ṣe kéré tó.

“Ìyá mi ti kú, Bọ̀ọ̀dá.”

Mo ní mo mọ̀.

“Bàbá Ìkòsì náà ti kú. Àwọn tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn, gbogbo wọn ti ń tán lọ. Ta lẹ fẹ́ kí n gbé e fún gbọ́?”

Bàbá, ṣé ẹ̀yin ní èsì rẹ̀? Mo sọ pé màá pe àwọn tó kù jọ, màá sọ ọ́ lójú gbogbo wọn. Ó fọwọ́ dá mi dúró bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Mo rò pé ó máa ti ilẹ̀kùn, mo sì gbà pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Nígbà tó yá ló bi mí ní ohùn tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tó wà lọ́mọdé: “Ṣé ohùn ìyá mi wà níbẹ̀?”

Mo ní ó wà, mo gbọ́ ọ ní Kétu. Mo ní wọn ò fojú hàn, àmọ́ bí Bàbá ṣe sọ̀rọ̀ tán, wọ́n rẹ́rìn-ín nílé ìdáná, wọ́n sì pariwo síta pé, “Ẹ fi ìyá yín sílẹ̀ kí wọ́n wá pọnmi o, iná mi ń kú!”

Yétúndé na ọwọ́ méjèèjì. Mo gbé ẹ̀rọ náà lé e, mo gbé fláàṣì lé e, mo gbé agolo lé gbogbo rẹ̀ lórí. Ó wọlé lọ.

Èmi ni, ọmọ tí ẹ kọ́kọ́ bí,
tó fẹ́ràn yín, tí kò mọ bó ṣe máa wojú yín.